Ẹṣin, Ìrìn-àjò àti Ọ̀rẹ́ Tuntun: Àbọ̀ Láti Ìjẹ̀bú-Òde

(Ọ̀rọ̀ tí Alákòóso Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ bá ìpàdé gbogbogbòò sọ ní Ìkòtún. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú tí kò ráyè wá ló ní ká gbé e sínú ìwé ìròyìn wa. Òun nìyí.)

Mo kí àwọn tó wá láti Ẹgbẹ́dá, mo kí àwọn ará Ìgàǹdó, mo kí àwọn ará Ìdímù àti Ìpájà. Ẹ̀yin ọmọ ìlú tẹ́ ẹ wà lókè òkun, tẹ́ ẹ máa kà á lórí WhatsApp, ẹ kú àjò o. Mi ò ní pẹ́ rárá, torí òórùn ọbẹ̀ ti ń wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, bí ebi bá sì ti wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́ mọ́.

Alága ní kí n jábọ̀ lórí ìrìn-àjò tí àwa mẹ́rin láti ẹ̀ka ọ̀dọ́ rìn lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹṣin àti bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Ẹgbẹ́ san ìdajì owó wa, àwa náà dá ìdajì. Ẹni tó bá ná owó ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ jíyìn, ìdí kìíní nìyẹn tí mo fi dìde. Ìdí kejì ni pé ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó Ọjọ́ Ìlú ti mú àbá wá pé ká háyà ẹṣin mẹ́jọ fún ìwọ́de ọdún yìí, a ó sì dìbò lé e lórí kí ìpàdé tó tú. Ohun tá a rí kọ́ kan ìbò yẹn gbọ̀ngbọ̀n, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ fetí sí mi díẹ̀.

Mo ti gbọ́ tí àwọn bàbá wa kan ń sọ ọ́ níbí pé, kí ló pa ọmọ Àwórì pọ̀ mọ́ ẹṣin? Ẹ̀yin bàbá, ẹjọ́ yín tọ́. Ìtàn tẹ́ ẹ sọ fún wa ni pé àwo ni baba ńlá wa tẹ̀ lé lójú omi láti Ifẹ̀, ibi tí àwo rì sí ni wọ́n tẹ̀dó sí. Omi la mọ̀, igbó la mọ̀. Igbó pàápàá kì í gba ẹṣin láyè. Dókítà ẹranko tó kọ́ wa ṣàlàyé pé eṣinṣin kan wà tó ń mu ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pè ní tsetse. Òun ló ń kó àìsàn tó máa ń mú kí ẹṣin rù hangogo títí tó fi máa kú. Ibi tí igbó bá ti dí, tó tutù, ibẹ̀ ni eṣinṣin yẹn fẹ́ràn. Ìdí nìyẹn tí ẹṣin fi pọ̀ ní ilẹ̀ ọ̀dàn tí kò fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀yọ́ Ilé wà ní ọ̀dàn, ó sì fi ogun ẹlẹ́ṣin gba ilẹ̀ lọ títí dé Dahomey. Ṣùgbọ́n bí Ọ̀yọ́ ṣe lágbára tó, púpọ̀ nínú ẹṣin rẹ̀, rírà ló ń rà á lọ́wọ́ àwọn ará òkè ọya. Nígbà tí ogun Ìlọrin tòun ti ẹlẹ́ṣin rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ló dá wọn padà. Torí náà, láti ayébáyé, Yorùbá tó bá fẹ́ ẹṣin gbọ́dọ̀ ní ẹni tó mọ̀ níbòmíràn. Ó gbọ́dọ̀ rìnrìn-àjò, ó gbọ́dọ̀ bá àlejò dòwò pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, màá padà sí i.

Bẹ́ ẹ bá sì ní ẹṣin kì í ṣe tiwa, ẹ tẹ́tí sí ẹnu ara yín. Ta ni kì í pa á lówe pé ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀? Kódà òwe fúnra rẹ̀, ẹṣin ọ̀rọ̀ là ń pè é. Ní Ọ̀yọ́, oyè ńlá ni Olókùn-Ẹṣin. Òun ni wọ́n retí pé kó bá Aláàfin kú lẹ́yìn tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní 1944, tí àwọn òyìnbó fi dá sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Wọlé Ṣóyínká fi kọ eré tó jáde ní 1975, òun náà ni Bíyìí Bándélé fi ṣe fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba tó jáde ní 2022. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó wà níbí ló wo fíìmù yẹn lórí fóònù.

Ó dáa. Kí ló dé tó jẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde la lọ? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọjọ́ kẹta Iléyá, Ojúde Ọba ni. Àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ ní Ìjẹ̀bú ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ pé ó gbà wọ́n láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Nígbà tí Balógun Kúkù gba ẹ̀sìn náà, tòun ti ẹṣin àti ìlù, ó di ayẹyẹ ńlá. Títí di òní, ìdílé àwọn Balógun bíi ti Kúkù àti Ọdúnúgà ṣì ń gun ẹṣin wá síwájú ọba, tẹrú-tọmọ, tọkùnrin-tobìnrin. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ á tẹ̀ lé ara wọn, kálukú nínú aṣọ tirẹ̀. Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ ní 1960 tó sì wàjà ní July 2025, ló gbé ayẹyẹ yẹn ga títí tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ní June 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ló gba gbogbo fóònù kan. Ẹ̀yin náà pín in kiri, ẹ má sẹ́!

Ìgbà tí àwòrán yẹn jáde ni àwọn ọ̀dọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé àwa náà fẹ́ ẹṣin ní Ọjọ́ Ìlú wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní, kó tó di pé a gun ẹṣin níwájú èèyàn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ mọ ohun tó ń jẹ́ ẹṣin.

Ìdájí ọjọ́ Ẹtì la gbéra. A wọ dánfó láti Ìkòtún dé Ọ̀ṣòdì, ibẹ̀ la ti wọ bọ́ọ̀sì tó gba Ṣàgámù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Nínú àwa mẹ́rin, ẹni méjì kò tíì kọjá Bẹ́gà rí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Nígbà ìkànìyàn 2006, àwa tá à ń gbé ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ 1,277,714, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ kankan l'Ékòó tí èèyàn inú rẹ̀ tó tiwa nínú ìkànìyàn yẹn. Èèyàn pọ̀ ládùúgbò wa débi pé ọmọ lè dàgbà kó rò pé Ìyànà Ìpájà ni ayé parí sí. Ilé, ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ọjà, ó parí.

A bá nǹkan bí ogún ọ̀dọ́ níbẹ̀. Wọ́n wá láti Ìlọrin, Ìsẹ́yìn, Ìbàdàn àti Ẹ̀pẹ́. Bàbá kan tó ti ń gun ẹṣin láti kékeré ni olùkọ́ wa, dókítà ẹranko kan wà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin náà sì wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kìíní, ẹnikẹ́ni kò gun ẹṣin. Ṣọ́bìrì ni wọ́n kó lé wa lọ́wọ́. Bàbá ní ẹni tí kò bá lè kó imí ẹṣin kò gbọdọ̀ jókòó lé ẹ̀yìn ẹṣin. Àwa tá a ti ra jígí ojú tuntun fún fọ́tò, a tì í bọ àpò, a bẹ̀rẹ̀ sí í kó imí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń súnmọ́ ẹṣin. Ojú ẹṣin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, torí náà ó ń rí iwájú, ó ń rí ọ̀tún, ó ń rí òsì, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀yìn rẹ̀ gangan, kò sì rí abẹ́ imú ara rẹ̀. Ẹni tó bá yọ́ gba ẹ̀yìn wá, tìpá ló ń wá. Apá èjìká la ti ń bọ̀, a ó máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kó lè mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀. Bí etí rẹ̀ bá nà síwájú, ó ń fetí sílẹ̀. Bó bá ká etí sẹ́yìn mọ́rí, inú ń bí i, ẹ fún un láyè.

Dókítà náà wá sọ àwọn nǹkan tó yà wá lẹ́nu. Ẹṣin kì í bì. Ohun tó bá ti gbé mì, kò lè bì í mọ́, torí náà inú rírun lásán lè pa á láàárín ọjọ́ kan. Àjẹkù jọ̀lọ́ọ̀fù tí ọmọdé ń kó fún ẹṣin lóde ìnáwó, ìkà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ló mú ọmọ náà ṣe é. Ẹṣin ń mu omi tó kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan sí méjì lójúmọ́, bí oòrùn bá mú, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pátákò rẹ̀ ń hù bí èékánná wa, wọ́n gbọ́dọ̀ máa gé e ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ó ní bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ni ẹṣin ní àánú lójú, ẹ má wo ọ̀ṣọ́ tó wà lára gàárì. Ẹ ní kó ká gàárì kúrò, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹṣin náà. Ibẹ̀ ni egbò máa ń sá pamọ́ sí.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé wa gun ẹṣin, pẹ̀lú ẹni tó di ìjánu mú níwájú. Apá òsì la ti ń gùn. Bàbá ní ká má fi ìjánu ṣe okùn tá a fi ń dúró, torí ẹnu ẹranko ló wà níparí rẹ̀. Itan àti ìdí ni ká fi dúró. Ó ní bí àyà ẹ bá ń já, ẹṣin ti mọ̀ kó o tó mọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, a rìn, a sáré díẹ̀díẹ̀, ẹnìkan nínú wa já bọ́, ó gbọnra nù, ó tún gùn ún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, ẹṣin kì í dá ni kí á má tún un gùn. Ìyá kan bi mí lẹ́nu àbáwọlé pé ṣé èmi obìnrin náà gùn ún lóòótọ́. Ẹ̀yin ìyá mi, mo gùn ún dáadáa. Ọ̀tọ̀ ni bí ìtan ṣe dùn mí lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ ẹṣin nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n wá sí ọ̀rọ̀ èèyàn, torí òun gan-an ni èrè tá a mú bọ̀.

Bó bá di alẹ́, gbogbo wa á jókòó yí ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ ká. Ọmọbìnrin kan wà láti Ìlọrin, ọmọ ilé tí wọ́n ti ń gun ẹṣin lọ síbi Durbar tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lásìkò Iléyá. Òun ló sọ fún wa pé ti Kano, UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní December 2024. Ọmọkùnrin kan wà láti Ìsẹ́yìn, aṣọ òkè ni wọ́n ń hun nílé wọn. Ó bi wá pé ta ni à ń bá ra aṣọ ẹgbẹ́ wa. A sọ iye tá à ń rà á, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ iye tí àwọn ń tà á níbi tí wọ́n ti ń hun ún. Akápò, màá fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jù ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin. Ọmọ Katsina ni. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí torí mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ rẹ̀, mo mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti gbé Èkó fún ọdún méjìlá kó tó lọ sí Ìjẹ̀bú, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa kan lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ẹnìkan pè é ní "àbókí." Ó dáhùn, kò bínú. Ó wá bi wá pé ṣé a mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Gbogbo wa dákẹ́. Ó ní lédè Hausa, ọ̀rẹ́ ni ó túmọ̀ sí. Ó ní, "Ọdún méjìlá ni wọ́n fi pè mí ní ọ̀rẹ́ l'Ékòó, ẹnikẹ́ni ò bi mí pé kí ni orúkọ mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ní Ìkòtún níbí, àbókí ló ń ta àlùbọ́sà fún wa, àbókí ló ń ṣọ́ géètì, àbókí ló ń rán bàtà, àbókí ló ń ta súyà lálẹ́. Ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́. Ẹlòó nínú wọn la mọ orúkọ rẹ̀?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mò ń sọ. Ẹ rántí aáwọ̀ tó ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá ọjà lóṣù tó kọjá, láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa méjì kan àti àwọn tó ń já àlùbọ́sà. Owó kékeré ló fà á. Láàárín wákàtí kan, igi ti wà lọ́wọ́ àwọn kan, àwọn kan ti ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé kí gbogbo ọmọ ìlú jáde. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin tó lọ sí Ìjẹ̀bú ló pe ọ̀rẹ́ wa ọmọ Katsina. Òun ló mọ ẹni tó mọ Sẹ́ríkí wọn. Sẹ́ríkí bá àwọn àgbà wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n pàdé, wọ́n san owó, ilẹ̀ kò tíì ṣú tí kálukú fi padà sídìí ọjà rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ lọ síbẹ̀ wà níjòókòó, ẹ lè jẹ́rìí. Bí kò bá sí nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn ńkọ́? Ta ni ì bá pè? Àwọn ọmọ tó ń gbé igi kiri yẹn, ọmọ wa ni wọ́n. Àwọn tí igi yẹn ì bá bà, ọmọ ẹlòmíràn ni.

Ìyẹn ni mo fi ní kẹ́ ẹ fi gbólóhùn kan sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan. Láyé Ọ̀yọ́ Ilé, ẹni tó fẹ́ ẹṣin gbọ́dọ̀ mọ èèyàn níbòmíràn. Láyé tiwa, ẹni tó fẹ́ àlàáfíà ládùúgbò gbọ́dọ̀ mọ èèyàn tí kì í ṣe ọmọ ìlú rẹ̀. Kò sì sí bá a ṣe lè mọ̀ wọ́n lórí àga níbí. Àfi ká dìde, ká lọ síbi tá a ti jọ máa ṣiṣẹ́, ká jọ jẹun, ká jọ kó imí ẹṣin.

Nítorí náà, ẹ̀ka ọ̀dọ́ ní àbá mẹ́rin lórí ìbò tá a fẹ́ dì.

Àkọ́kọ́, dípò ẹṣin mẹ́jọ, ẹ jẹ́ ká mú mẹ́rin. Owó mẹ́rin tó kù, ẹ jẹ́ ká fi rán ọ̀dọ́ mìíràn lọ kẹ́kọ̀ọ́, kí ìdajì wọn jẹ́ obìnrin. Ìwọ́de á parí ní wákàtí méjì, ẹ̀kọ́ ò ní parí.

Ìkejì, ẹṣin tá a bá háyà gbọ́dọ̀ wá pẹ̀lú ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, dókítà ẹranko sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó di ọjọ́ náà. Ká ká gàárì kúrò, ká wo ẹ̀yìn. Eyí tó bá ní egbò, kó padà sílé. Ẹni tí kò bá sì kọ́ ọ, bó jẹ́ olówó bó jẹ́ olóyè, kó má gun ẹṣin.

Ìkẹta, kí ìwọ́de bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, kó tó di pé ọ̀dà gbóná mọ́ pátákò. Kí ibòji àti kẹ́ẹ̀gì omi wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Kí ẹnikẹ́ni má yin báńgà nítòsí. Ẹṣin Ojúde Ọba ti mọ ariwo ìbọn torí wọ́n kọ́ ọ. Ẹṣin etí òkun tá a háyà lè má mọ̀ ọ́n. Bí ẹṣin kan bá ta kìjí láàárín èrò ráńdábáùtù Ìkòtún, ẹ̀yin náà mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kékeré.

Ìkẹrin, ẹ jẹ́ ká pe àwọn ọ̀rẹ́ wa tuntun wá: ti Ìlọrin, ti Ìsẹ́yìn, ti Katsina. Kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì la fẹ́ kó wọn sí o. Ilé wa ni. Ìdílé mẹ́ta ti sọ fún mi pé àwọn ní yàrá, mo ń wá mẹ́ta sí i. Bí Sẹ́ríkí àti àwọn èèyàn rẹ̀ tó wà lọ́jà bá lè jókòó pẹ̀lú wa lọ́jọ́ yẹn, a jẹ́ pé Ọjọ́ Ìlú wa ti di ọjọ́ ìlú lóòótọ́.

Mo mọ̀ pé ẹṣin mẹ́jọ máa dùn ún wò ju mẹ́rin lọ nínú fọ́tò. Mi ò sì lè pa á mọ́ fún yín pé àwọn ọ̀dọ́ kan nínú ẹ̀ka wa fẹ́ mẹ́jọ, wọ́n wà níbí, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ tẹnu wọn. Ẹ gbọ́ tiwọn náà kẹ́ ẹ tó nawọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà, ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ibi tẹ́ ẹ bá darí ìbò yìí sí, ibẹ̀ la máa gbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá máa gba àlejò sílé, ẹ fi orúkọ ránṣẹ́ sí mi lórí gúrúùpù kó tó di ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ kọ́ ẹṣin, ẹ fi orúkọ tiyín náà ránṣẹ́. Ẹ sì fi í sọ́kàn o, ṣọ́bìrì lẹ máa kọ́kọ́ dì mú.

Kí Ọlọ́run jẹ́ ká ṣe Ọjọ́ Ìlú láyọ̀.